Gbogbo olùgbọ́ ló di ọba: ẹjọ́ tí wọ́n ń dá fún àwo Scheherazade

Ọba kan jẹ ní ilẹ̀ Páṣíà nínú ìtàn àtijọ́, Shahriar ni orúkọ rẹ̀. Olorì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọ egungun, débi pé ó búra pé obìnrin kankan kò ní rí àyè dalẹ̀ òun mọ́ láyé. Ohun tí ó wá ń ṣe burú jọjọ. Bí ó bá gbé ìyàwó lálẹ́ òní, kí oòrùn ọ̀la tó ràn tán, wọ́n ti bẹ́ ìyàwó náà lórí. Báyìí ni ó ń bá a lọ títí àwọn omidan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílùú, kí Scheherazade, ọmọbìnrin olóyè àgbà inú ààfin rẹ̀, tó dìde pé òun ni kí wọ́n fà fún ọba lọ́tẹ̀ yìí. Kò mú ọ̀bẹ lọ, kò mú oògùn lọ. Ìtàn ni ó mú lọ. Á máa pa ìtàn fún ọba lóru, nígbà tí ìtàn bá sì dé ibi tó ta sánsán jù lọ, ilẹ̀ á mọ́, obìnrin náà á dákẹ́. Ọba á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di alẹ́, kí òun lè gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ẹgbẹ̀rún òru ó lé ẹyọ kan ni ó fi ṣe é.

Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ka ìwé ìtàn ẹgbẹ̀rún òru ó lé kan tí àwọn Lárúbáwá fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà ni gbogbo ènìyàn máa ń wò nínú rẹ̀, wọn kì í wo ojú ọba. Ẹni tó bá wo ojú ọba dáadáa yóò rí i pé láti òru kìíní dé òru ìkẹyìn, kò sí iṣẹ́ mìíràn tí ọba yìí ń ṣe ju kí ó tẹ́tí lọ. Olùgbọ́ ni. Olùgbọ́ tí idà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí ohun tí ó gbọ́ kò bá wù ú, orí á gé.

Ní ọdún 1975, àwọn olórin Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní Renaissance fi ìtàn yìí kọ orin, wọ́n sì gbé e sínú àwo tí wọ́n pè ní Scheherazade and Other Stories. Orin rọ́ọ̀kì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe rọ́ọ̀kì tí ń fi ariwo di ènìyàn létí. Ó jẹ́ ti ẹ̀yà tí àwọn òyìnbó ń pè ní progressive rock, èyí tí orin kan ṣoṣo lè gba ojú àwo kan tán láìṣẹ́kù, tí ó sì máa ń yí ìlù padà, tí í yí ohùn padà, bí ìgbà tí odò bá ń gba inú igbó, tó ń gba orí àpáta, tó sì ń gba pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún wá fi ọ̀kẹ́sítírà gbè é lẹ́yìn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ rẹ̀, wọ́n ní symphonic ni. Ohun tó sì mú kí ti Renaissance yàtọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn ni pé obìnrin ló ń kọrin níwájú, Annie Haslam. Láyé ìgbà náà, ọwọ́ ọkùnrin ni irú orin bẹ́ẹ̀ wà. Yàtọ̀ sí Sonja Kristina ti ẹgbẹ́ Curved Air àti àwọn díẹ̀ mìíràn, ẹni tó bá rí obìnrin níwájú irú ẹgbẹ́ yìí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ọjọ́ tí àwo náà ti jáde, àwọn tó ń gbọ́ ọ kò tíì dákẹ́ ẹjọ́. Ẹlòmíràn ní kò sí àwo tó dà bí rẹ̀ láyé. Ẹlòmíràn ní adùn ti pọ̀ jù níbẹ̀, bí oyin tó ti fẹ́ máa súni lẹ́nu. Ohun tó sì jẹ́ ìyanu ni pé bí a bá gbé àwọn méjèèjì sí iwájú àwo kan náà, kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn.

Ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ àwọn tí wọ́n ń dá ẹjọ́ fún. Àwọn márùn-ún tó ṣe àwo yìí kọ́ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Keith Relf àti Jim McCarty, tí wọ́n ti gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Yardbirds, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1969, Jane, àbúrò Keith, sì ni obìnrin tó ń kọrin nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi túká lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó fi ku orúkọ nìkan nílẹ̀, tí àwọn mìíràn sì wá gbé e. Annie Haslam, ọmọ Bolton ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ìpolówó kan nínú ìwé ìròyìn Melody Maker pé ẹgbẹ́ olórin kan ń wá akọrin obìnrin. Ó lọ, wọ́n dán an wò, wọ́n sì gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971. Ó ti kọ́ orin lọ́dọ̀ Sybil Knight, obìnrin akọrin ọ́pẹ́rà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè gòkè láìfọ́, kí ó sì sọ̀ láìgbọ̀n. Ìpele márùn-ún ni wọ́n sọ pé ohùn náà ní. Ẹni tó bá mọ dùùrù yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun tí ẹnu lásán ń ṣe. Michael Dunford ló ń ta jìtá, òun náà ló sì ń hun ọ̀pọ̀ nínú orin wọn. John Tout wà nídìí dùùrù, Jon Camp ń ta jìtá béèsì, Terence Sullivan sì ń lu ìlù.

Ẹnì kẹfà tún wà tí kì í bá wọn dé orí ìtàgé. Betty Thatcher ni orúkọ rẹ̀. Akéwì ni, Cornwall ló ń gbé, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ wọ inú òkun tán. Dunford á fi orin tí kò ní ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Betty á gbọ́ ọ, á rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, á kọ ọ̀rọ̀ tó bá ohùn náà mu, á sì tún fi ránṣẹ́ padà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu Annie jáde ṣe ń dé ẹnu rẹ̀, nínú àpò agbélẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí orúkọ Betty wà lọ́kàn o, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì kù lórí rẹ̀.

Ojú méjì ni àwo ní. Ojú kìíní gba orin mẹ́ta, ojú kejì gba ẹyọ kan péré. Èyí tó ṣáájú ni Trip to the Fair, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Dùùrù John Tout nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, bí ẹni tó ń táràrà wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn, kí àwọn yòókù tó wọlé bá a. Ìtàn tó wà nídìí orin náà dùn láti gbọ́. Annie àti Roy Wood, olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, jáde lọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n ní kí àwọn lọ sí pápá àríyá tó wà ní Hampstead Heath. Nígbà tí wọ́n máa débẹ̀, wọ́n ti ti ibẹ̀ pa, kò sí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn nìkan ni. Annie sọ ọ́ fún Betty, Betty sì sọ pápá tó dá páropáro yẹn di àlá tó ń dẹ́rù bani, níbi tí ẹnì kan ti dé òun nìkan, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn àwọn tí kò rí.

Èkejì, The Vultures Fly High, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ó yára, ó sì gbóná. Ẹ̀kẹta ni Ocean Gypsy, orin bí ìṣẹ́jú méje nípa obìnrin kan tí àwọn ènìyàn fẹ́ fi ìfẹ́ rẹ̀ ṣe ohun ìní, tí wọ́n gbà á tán, tí wọn kò sì fún un ní nǹkan kan padà. Lẹ́yìn náà ni ojú kejì, Song of Scheherazade, tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, tí wọ́n pín sí ìsọ̀rí mẹ́sàn-án, tí Tony Cox sì ṣètò ohùn ọ̀kẹ́sítírà sí. Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn Beatles ti ṣe púpọ̀ nínú àwo tiwọn, ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá lórí ohùn. Níbẹ̀, ènìyàn yóò rò pé ẹnu àwọn olùgbọ́ yóò kò, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ní ohùn Annie kò dára. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ó mọ́ jù. Wọ́n ní ohùn rọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ ní ẹrẹ̀ díẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó gbọ́dọ̀ há, ó gbọ́dọ̀ dà bí ẹni pé ẹni tó ń kọ ọ́ ti sunkún kó tó dé. Ti Annie dà bí omi orísun, ẹ lè rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ náà kò jiyàn èyí. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò bá òun sunkún kò ní rí i nínú àwo yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń wá ibi tí òun yóò sinmi sí ti dé ilé. Kí ni adájọ́ fẹ́ sọ sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn tó ní ó mọ́ jù kì í sábà kíyè sí. Nínú Trip to the Fair, ohùn tó mọ́ yẹn ló ń dẹ́rù bani. Bí akọrin bá ké, tó bá bú ramúramù, olùgbọ́ á mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wà nínú pápá tí kò sí ẹnikẹ́ni, kí ó máa gbọ́ ohùn tí kò rí olóhùn, kí ó sì máa ròyìn rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọmọ tó ń sọ ohun tó rí lójú àlá, ìyẹn ló ń mú kí irun ara dìde. Ẹni tí kò gbọ́ ìbẹ̀rù nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti pinnu kó tó jókòó.

Ẹjọ́ kejì ni ti jìtá. Jìtá oníná, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ rọ́ọ̀kì mọ́, kò sí nínú àwo yìí. Jìtá onígi lásán ni Dunford gbé lọ́wọ́, ó sì ń ta á jẹ́jẹ́ lábẹ́ dùùrù. Fún ọ̀pọ̀ olùgbọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì ni. Wọ́n ní báwo ni ẹ ó ṣe pè é ní rọ́ọ̀kì nígbà tí jìtá kò dún? Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù á máa rántí àwo Ashes Are Burning ti ọdún 1973, tí Andy Powell ti ẹgbẹ́ Wishbone Ash wá bá wọn ta jìtá oníná nínú rẹ̀, wọ́n á ní ìyẹn ni orin. Ìdáhùn àwọn tó ń gbèjà wọn kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì le: wọ́n ní kí alátakò lọ gbọ́ béèsì. Lóòótọ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, béèsì dà bí ìpìlẹ̀ ilé, ẹnikẹ́ni kì í wò ó. Jon Camp kò jókòó sí abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rickenbacker ló ń ta, ohùn rẹ̀ sì dún ketekete, ó ń dá orin, ó ń gbè é, ó ń bá dùùrù jiyàn, gẹ́gẹ́ bí ìyáàlù ṣe máa ń bọ́ síwájú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú The Vultures Fly High, orin náà á wó. Nítorí náà, ẹni tó ní kò sí agbára nínú àwo náà ń wá a níbi tí wọn kò gbé e sí.

Lórí orin yìí kan náà, ọ̀pọ̀ olùgbọ́ gbà pé àwọn lámèyítọ́ inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ń pè ní igún, àwọn tó ń rà bàbà lókè, tí wọ́n ń retí òkú ẹlòmíràn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lọ́dọ̀ Yorùbá, igún ṣoore ló pá lórí, ẹyẹ ẹlẹ́ni-ìyì ni. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ẹyẹ ìkà ni. Bó ti wù kó rí, bí ó bá jẹ́ pé àwọn lámèyítọ́ ni wọ́n ń bá wí lóòótọ́, ìbáwí náà kò yá wọn lórí. Àwọn ìwé ìròyìn orin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ gbé wọn gẹ̀gẹ̀.

Ìjà tó gbóná jù lọ wà lórí ojú kejì. Àwọn kan ra àwo náà nítorí orúkọ tó wà lára rẹ̀. Rimsky-Korsakov, olórin ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti fi ìtàn yìí kan náà kọ orin ọ̀kẹ́sítírà ní 1888, orin náà sì wà lórí ahọ́n gbogbo ẹni tó fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, wọ́n ń retí kí àwọn gbọ́ ọ. Renaissance kò tún ti Rimsky-Korsakov kọ. Wọ́n mú ìtàn náà, àkọlé ìsọ̀rí kan tilẹ̀ jọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n orin tiwọn ni wọ́n hun. Àwọn olùgbọ́ yẹn kò dárí jì wọ́n. Òmíràn tún ní wọ́n fi fèrè àti àwọn ohun èlò olókùn kún un jù, débi pé àwọn márùn-ún sọnù sínú ọ̀kẹ́sítírà bí ọmọdé tó sọnù lọ́jà. Òmíràn ní ibi tí ohùn kò ti sí pọ̀ jù, nígbà tó jẹ́ pé tìtorí ohùn ni òun ṣe wá.

Ẹ̀sùn ìkẹyìn yìí ló yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí díẹ̀. Òtítọ́ ni pé nínú ìsọ̀rí mẹ́sàn-án, ohùn Annie kò sí nínú gbogbo wọn. Ohun tó tún ya àwọn mìíràn lẹ́nu ni pé nígbà tí ohùn ènìyàn kọ́kọ́ wọlé dáadáa, nínú ìsọ̀rí tí wọ́n pè ní The Sultan, ohùn ọkùnrin ni. Jon Camp ló ń kọ ọ́. Àwọn olùgbọ́ kan kà á sí àléébù. Wọ́n ní báwo ni ẹni tó ní Annie Haslam nílé yóò ṣe ní kí ẹlòmíràn kọrin? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀ràn ọba ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, ìbúra rẹ̀ àti ìbínú rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn nínú ìtàn, obìnrin kò tíì ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú ààfin náà. Ikú nìkan ni wọ́n ní níbẹ̀. Ìgbà tí Scheherazade bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ ni ohùn Annie tó wọlé, nínú ìsọ̀rí ọmọ ọba ọkùnrin àti ọmọ ọba obìnrin, ó sì wọlé jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, ó parí. Ẹni tó ti fi sùúrù jókòó ti ìlù àti ariwo ọba yóò mọ ohun tí ìjẹ́jẹ́ yẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó ti gbé abẹ́rẹ́ fo ibẹ̀ kọjá nítorí pé ohùn obìnrin ni òun ń wá, ohùn náà nìkan ni yóò bá. Kò ní bá ewu tó wà lórí rẹ̀.

Kì í ṣe pé ojú kejì kò ní àléébù. Ìmúra ọdún tó wà láàárín rẹ̀ falẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ti ń dìde lọ bu omi mu. Bí ó bá jẹ́ pé ìdíje ni, Ocean Gypsy, tí kò ní ju ohùn kan, dùùrù kan àti jìtá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, lè fi ẹ̀yìn gbogbo ọ̀kẹ́sítírà yẹn balẹ̀. Òun náà ló pẹ́ jù lọ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ní 1997, ẹgbẹ́ Blackmore's Night tún un kọ nínú àwo wọn tó kọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì gbọ́ ọ níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn mìíràn ló ni ín.

Ohun kan wá wà tí ó pa gbogbo olùgbọ́ pọ̀, àwọn tó yìn ín àti àwọn tó bú u. Annie ni wọ́n ń sọ. Bí inú wọn bá dùn sí ọ̀rọ̀ kan nínú orin náà, wọ́n á ní Annie sọ ọ́ dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní kí ni Annie ń wí yìí. Obìnrin tó wà ní Cornwall, tó jókòó ti tábìlì rẹ̀ tó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa wọ inú ohùn ẹlòmíràn bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà, kò sí nínú ìyìn, kò sí nínú èébú. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwo, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá fẹ́ sòótọ́, òun ni ó pa ìtàn.

Ẹjọ́ tí olùgbọ́ ń dá kì í ṣe eré lásán fún olórin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá wọn, kò ra àwo náà púpọ̀. Amẹ́ríkà ló gbà wọ́n, pàápàá ìhà àríwá-ìlà-oòrùn, ní New York àti Philadelphia, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò FM kò ti bẹ̀rù láti gbé orin gígùn sáfẹ́fẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1975, òru mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọrin ní gbọ̀ngàn Carnegie Hall, tí ọ̀kẹ́sítírà New York Philharmonic sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó di àwo ní 1976, títí di òní ni àwọn olùgbọ́ sì ń jà lórí bóyá Song of Scheherazade ti Carnegie Hall ló dára jù ni àbí ti Abbey Road. Àwo Scheherazade fúnra rẹ̀ gun òkè dé ipò kejìdínláàádọ́ta nínú ìwé Billboard. Fún ẹgbẹ́ tí kò ní jìtá oníná, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yí padà. Láàárín 1976 sí 1977, àwọn ọmọ tuntun gbé orin pọ́ńkì dé, orin ìṣẹ́jú méjì, kọ́ọ̀dù mẹ́ta, ìbínú púpọ̀. Wọ́n ní orin ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ti di ti àwọn baba arúgbó. Renaissance gbìyànjú láti gé orin wọn kúrú. Ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣẹlẹ̀ ní 1978 pé Northern Lights, orin kúkúrú kan, dé ipò kẹwàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ti ń kọ̀ wọ́n láti ìgbà yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ṣùgbọ́n àwọn olùgbọ́ àtijọ́ ní wọ́n ti ta ara wọn, àwọn olùgbọ́ tuntun kò sì dúró pẹ́. Lẹ́yìn àwo Azure d'Or ti ọdún 1979, Tout àti Sullivan kúrò. Ní 1987, ẹgbẹ́ náà túká. Wọ́n ti ń pa ìtàn fún ọba méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìtàn tó dùn mọ́ ọ̀kan kò dùn mọ́ èkejì.

Àwo náà kò kú. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé ní 1975 dàgbà, wọ́n rà á lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí sídì dé, àwọn ọmọ wọn sì gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Annie àti Dunford gbé orúkọ náà dìde padà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Annie sì ti ń gbé Amẹ́ríkà nígbà náà, lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, wọ́n kọ àwo Scheherazade láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí ìtàgé Keswick Theatre ní Glenside, Pennsylvania. Kò sí ọ̀kẹ́sítírà lọ́tẹ̀ yìí, dùùrù oníná ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. John Tout kò sí nídìí dùùrù. Dunford ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú jìtá onígi rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá fi ẹ̀tí sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà yóò gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe pariwo nígbà tí Annie, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, dé òpin orin náà, níbi tí ohùn ti gbọ́dọ̀ gun òkè téńté. Òun ni wọ́n ń pariwo fún, ó sì tọ́ sí i. Betty Thatcher ti kú ní oṣù tó ṣáájú, ní oṣù Kẹjọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo gbọ̀ngàn náà ń gbọ́.